Ewé Akòko Tí Yìnyín Pa Mọ́

Bí ẹ bá rí ọdẹ tí ó tẹrí ba níbi tí wọ́n ti ń yìn ín, ẹ má ṣe yára pè é ní onírẹ̀lẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹran tí wọ́n ń torí rẹ̀ yìn ín, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó pa á.

Ní ọjọ́ tí àwọn ọdẹ ìlú Òkè-Àgbọ̀n fẹ́ fi Ọdẹ́jìnmí jẹ Aṣípa, oòrùn ọ̀sán mú ganrínganrín, tọmọdé tàgbà sì péjọ sábẹ́ igi ọdán ojúde ọba. Àwọn ọkùnrin jókòó yíká. Àwọn obìnrin wà lẹ́yìn okùn tí wọ́n ta, nítorí wọ́n ní obìnrin kì í wọ agbo ọdẹ. Bí ènìyàn bá béèrè ìdí rẹ̀, èsì tí wọn yóò fún un ni pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn bá a. Bí ó bá sì tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì, wọn a ní ó ya aláìlẹ́kọ̀ọ́. Lára àwọn tí ó wà lẹ́yìn okùn yìí ni Ọdẹ́bùnmi, àbúrò Ọdẹ́jìnmí, ọmọ ìyá rẹ̀ kan náà, arúgbó tí ojú rẹ̀ ṣì lè rí abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń jẹ ẹ̀pà sísun.

Àṣà wọn ni pé kí wọ́n tó fi ewé akòko sí ẹnikẹ́ni lórí, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn ìrìn àjò tí ó sọ ọ́ di olóyè. Ti Ọdẹ́jìnmí kò ṣàjèjì sí ìlú. Ogójì ọdún sẹ́yìn ni ó dé ọ̀dọ̀ àwọn òṣùpá oníyìnyín tí ń yí àwọn ayé ńláńlá òkèèrè ká, tí ó sì mú ìròyìn wálé pé omi ń bẹ lábẹ́ yìnyín ọ̀kan nínú wọn. Omi Ọdẹ́jìnmí ni wọ́n ń pe omi náà títí di òní. Gbogbo wọn sì mọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, tí ó ti tutù bí ọwọ́ òkú láti ọjọ́ tí ó ti dé. Bí àlejò bá wọ ìlú, ọwọ́ yẹn ni wọ́n ń gbé igbá ẹmu lé kí ẹmu lè tutù.

Ọdẹ́jìnmí dìde. Ó wo àwo tí ewé akòko wà nínú rẹ̀. Inú àgbàlá baba rẹ̀ ni wọ́n ti já a wá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó dá ewé náà mọ̀. Ó ti ròyìn ìrìn àjò yìí láìmọye ìgbà, ó sì máa ń sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ aládùúgbò. Àwọn ènìyàn rò pé ọlá ni ó ń fi ìyẹn ṣe.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ni ó wí, "ẹni tí oorun bá ń kùn, kí ó tètè lọ sùn, nítorí bí Ọdẹ́jìnmí bá mú ọ̀nà pọ̀n, kì í dúró de arọ! Ta ni ẹfọ̀n rí tí ó ṣe bí ẹni pé igi ni òun?"

"Ọdẹ́jìnmí ni!" ni agbo dáhùn.

"Ta ni iwin bá pàdé lójú ọ̀nà, tí iwin fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ó jọ̀wọ́ kí ó jẹ́ kí òun kọjá?"

"Ọdẹ́jìnmí ni!"

"Ta ni ọwọ́ rẹ̀ ń mú ẹmu tutù?" ni Láṣebìkan, ọ̀rẹ́ rẹ̀, fi kún un láti ìdí igi, gbogbo agbo sì bú sẹ́rìn-ín.

Ó ní kí wọ́n fetí sílẹ̀. Ó ní:

Ní ọdún tí ọ̀dá dá, tí odò wa gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí akàn ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ọba ìgbà náà pe gbogbo ọdẹ jọ. Ó ní àwọn baba òun sọ fún òun pé bí ènìyàn bá kọjá oòrùn lọ jìnnà réré, yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn Àgbà, àwọn ayé tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ayé tiwa kò ju hóró ẹ̀wà lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwọn Àgbà yìí ní ọmọ rẹpẹtẹ tí ń yí wọn ká, ara àwọn ọmọ náà sì jẹ́ kìkì yìnyín. 'Àwọn kan sọ pé òkúta dídì ni wọ́n títí dé ìfun,' ni kábíyèsí wí. 'Àwọn mìíràn ní omi ń bẹ ní ikùn wọn. Bí omi bá lè wà láàyè níbi tí oòrùn kò dé, a jẹ́ pé omi tiwa náà kò tíì kú nínú ilẹ̀, a ó sì máa gbẹ́ ẹ títí a ó fi bá a. Ẹni tí ó bá bá mi rí i, orúkọ rẹ̀ ni a ó fi pe omi náà títí láé.'

Ọdẹ́jìnmí ni ó kọ́kọ́ nàró. Ṣùgbọ́n baba rẹ̀ dìde lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, 'Ẹsẹ̀ rẹ tó ìrìn náà, ojú rẹ ni kò tó o. Mú Bùnmi dání.'

Ọdẹ́jìnmí tún wo àwo ewé náà. Ibí yìí ni ó máa ń fò kọjá. Àwọn mìíràn nínú agbo ti gbọ́ ìtàn náà ní ìgbà ogún, wọn kò sì gbọ́ ju pé àbúrò rẹ̀ obìnrin kan bá a gbé àpò. Ó gbójú sókè, ojú òun àti arúgbó tí ń jẹ ẹ̀pà sì ṣe mẹ́rin. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀.

Ó ní: Ó yẹ kí ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì wà ní kékeré, wọ́n jọ ń dẹ òkété. Ẹ̀yin náà mọ òkété: bí ó bá wà nílé, a fi yẹ̀pẹ̀ tútù dí ojú ihò rẹ̀ láti inú. Òmùgọ̀ a rí ihò dídí, a ní ilé ahoro ni. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Bùnmi wà tí ó fi ń kúnlẹ̀ sídìí ihò, tí yóò fi ìka kan yẹ̀pẹ̀ náà wò, tí yóò sì pariwo pé, 'Ó wà nílé!' Kì í tàsé. Lọ́jọ́ kan, níwájú àlejò mẹ́ta, baba wọn ní, 'Ojú ọmọbìnrin yìí ju ojú ọdẹ mẹ́wàá lọ.' Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wà níbẹ̀, ó gbé omi àlejò lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára bí ẹ̀gún ọ̀pẹ. A yọ ẹ̀gún, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ṣẹ́kù sínú.

Ó dára. Ààjà gbé wọn. Ọjọ́ mélòó ni wọ́n lò? Ẹ má bi Ọdẹ́jìnmí. Ẹni tí ààjà gbé kì í ka ọjọ́. Ìgbà tí wọn yóò fi lajú, iwájú Olójú-Ìjì ni wọ́n wà, Àgbà tí ó tóbi jù lọ nínú àwọn Àgbà. Ojú pupa kan ṣoṣo ni ó ní, ìjì ni ojú náà, láti ayé àwọn baba ńlá wa ni kò sì tíì ṣẹ́jú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń yí i ká. Àkọ́kọ́ ń bi iná lẹ́nu. Ara ìkejì funfun, ó ń dán, ó sì sán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹyin bíbọ̀ tí a fi lu ògiri. Ìkẹta tóbi jù wọ́n lọ, ó sì rọra ń rìn.

Olójú-Ìjì bú ramúramù, ó ní, 'Ẹ̀yin kòkòrò wọ̀nyí, oòrùn jìnnà sí mi, n kì í sì í dáná. Kí ni ó ń mú inú àwọn ọmọ mi gbóná? Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní kọjá.'

Ọdẹ́jìnmí gbé àyà síwájú, ó ní, 'Ẹ̀rù èmi ọdẹ ni ó bà wọ́n, tí ara wọn fi gbóná!'

Ẹ̀yin náà ń rẹ́rìn-ín. Olójú-Ìjì náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ sì di ẹ̀fúùfù tí ó gbé ọkùnrin yẹn tàkìtì fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, tí ṣòkòtò rẹ̀ fi já bọ́ sí ọ̀nà tirẹ̀.

Nígbà tí ó fi ń tàkìtì lókè, Bùnmi jókòó, ó ń wo ìrìn àwọn ọmọ náà. Ó fi òkúta wẹ́wẹ́ ka ìrìn wọn. Bí ìkẹta bá yí baba rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan, ìkejì a ti yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, àkọ́kọ́ a sì ti yí i ká lẹ́ẹ̀mẹrin, wọn kì í sì í ṣì í. Ó kúnlẹ̀, ó ní, 'Baba, mo kí yín. Bí alágbẹ̀dẹ bá ń tẹ irin tẹ́ẹ́rẹ́ síwá sẹ́yìn, ibi tí ó ń tẹ̀ yóò gbóná láìsí iná. Bí àwọn ọmọ yín ti ń rìn yìí, wọ́n ń fa ara wọn lọ sọ́dọ̀ yín, wọ́n sì ń fa ara wọn kúrò. Bí wọ́n bá sún mọ́ yín, ẹ ó fún wọn mọ́ra. Bí wọ́n bá jìnnà, ẹ ó dẹ ọwọ́. Fífún àti dídẹ̀ yìí ni iná wọn.'

'Ọmọ yìí lójú,' ni Olójú-Ìjì wí, ó sì ṣí ọ̀nà.

Nígbà tí wọ́n kọjá tán, Bùnmi sọ pé, 'Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣé ẹ ò fara pa?'

'Ta ni ó ní kí o dáhùn?'

'Ẹ̀yin ò sí nílẹ̀. Òkè lẹ wà.'

'Mo fẹ́ dáhùn kó tó di pé o yọ ẹnu!'

'Ẹ tilẹ̀ ti dáhùn tẹ́lẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ní ẹ̀rù yín ni.' Ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì.

Wọ́n dé ibodè Àgbà kejì, Onílẹ̀kẹ̀, tí ó fi ìlẹ̀kẹ̀ yìnyín yí ìdí ká, ìlẹ̀kẹ̀ tí ó gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí ayé wa lè yí gbirigbiri lórí rẹ̀. Olójú-Méjì ni ó ń ṣọ́ ibodè. Iwájú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun bí òwú. Ó ní, 'Èwo ni mo fọ̀ nínú méjèèjì?'

'Ẹ̀yìn tí ó funfun ni,' ni Ọdẹ́jìnmí yára wí kí ẹlòmíràn má baà gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. Olójú-Méjì gbá a létí. Ó wo Bùnmi.

Bùnmi kò fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí, ó ní, 'Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi dá mi lójú pé n kò ní ṣẹ̀ yín bí mo bá dáhùn.' Bùnmi wá ní, 'Baba oníbodè, ẹ kò fọ ọ̀kankan. Ibi tí ẹ kọjú sí nígbà tí ẹ ń rìn ni eruku ojú ọ̀nà ń bà. Ẹni tí ó bá ń ṣíwájú ni eruku máa ń bà.'

Ọ̀nà ṣí. Ọdẹ́jìnmí sì ń ro ọ̀rọ̀ náà lọ. Ẹni tí ó bá ń ṣíwájú ni eruku máa ń bà. Òun ni ó ṣíwájú wọ inú ayé; òun ni eruku bà; ẹni tí ó tẹ̀lé e ni ó wá funfun. Owú jíjẹ kò ní ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó bá a rin ìrìn náà ju àbúrò rẹ̀ lọ.

Wọ́n dé ìlú Ìyá Funfun, ọmọ kékeré kan báyìí nínú àwọn ọmọ Onílẹ̀kẹ̀. Kò sí ohun tí ó funfun tó o. Oòrùn tí ẹ ń rí yìí kò ju àtùpà ẹni tí ń bọ̀ lókèèrè lọ níbẹ̀. Ìyá Funfun fún wọn láyè, ó ní, 'Ẹ wá ohun tí ẹ wá wá. Èèwọ̀ kan ni mo ní: ẹ má ṣe dá ilé mi lu.'

Ọdẹ́jìnmí fẹ́ rú èèwọ̀ náà lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ó gbé àáké, ó gé yìnyín títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó, àáké sì ń ta padà bí ẹni ta á nù. Ó jókòó, ó ní, 'Òkúta ni. Jẹ́ kí a máa lọ ilé.'

Bùnmi kò mú àáké. Ó rìn lọ sí ìhà gúúsù ìlú náà, ó sì rí ìlà gígùn mẹ́rin lójú ilẹ̀, wọ́n tò síra wọn bí ilà àbàjà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lẹ́búlẹ́bú funfun ń tú jáde nínú wọn lọ sókè ọ̀run, ó sì ń padà bọ̀ wálẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó kúnlẹ̀. Ó fi ìka kan lẹ́búlẹ́bú etí ìlà náà wò: tuntun ni. Ó na àtẹ́lẹwọ́ sí i: ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ó fi ahọ́n kàn án: iyọ̀. Òkúta kì í mí, ẹ̀yin ènìyàn mi. Òkúta kì í sì í ní iyọ̀ lẹ́nu. Ó mú ẹ̀ka ewé akòko tí wọ́n já ní àgbàlá baba wọn kí ààjà tó gbé wọn, ó fi ọ̀bẹ fá ojú àpá mẹ́ta sí i lára, èyí tí í ṣe àmì tirẹ̀, ó fi sílẹ̀ níbẹ̀ bí àwa ọdẹ ti máa ń fi ewé sídìí ihò tí a kọ́kọ́ rí. Ó wá sáré bọ̀, ó ń pariwo bí ọmọ ọdún mẹ́fà: 'Ẹ̀gbọ́n mi! Ó wà nílé! Ó wà nílé!'

Ọdẹ́jìnmí wo ojú rẹ̀ tí ń dán. Ó ní, 'O ti ṣe dáadáa. Ó ti rẹ̀ ọ́. Lọ sùn díẹ̀ kí a tó lọ bá Ìyá Funfun.'

Bí Bùnmi ti sùn ni Ọdẹ́jìnmí gba ìdí ìlà náà lọ.

Nínú agbo, Láṣebìkan gbé ife rẹ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀yin ọdẹ, ni Ọdẹ́jìnmí wí, ẹ mọ òfin. Ẹni tí ó bá fa ewé ọdẹ ẹlòmíràn tu, ọfà rẹ̀ kò ní pa ẹran mọ́ títí tí yóò fi kú. Kò fà á tu. Ó gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dúró. Lẹ́búlẹ́bú funfun ń rọ̀ wálẹ̀ láti òkè, díẹ̀díẹ̀, ó ń bo ewé náà. Ó dúró títí ewé náà fi rì. Nígbà náà ni ó mú ewé akòko tirẹ̀, èyí tí ó fá ojú méjì sí, ó fi lélẹ̀ sórí ibẹ̀ gan-an. Ó rò ó bí ọdẹ igbó: ewé tí ilẹ̀ bá bò ní igbó tiwa kì í pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tí yóò fi rà, tí ikán yóò sì jẹ èyí tí ó kù. Nígbà tí ẹnikẹ́ni yóò bá fi béèrè, ewé kan ṣoṣo ni yóò wà.

Ó wá sí iwájú Ìyá Funfun, ó ní òun ni ó rí omi. Bùnmi tí ó ń nu oorun kúrò lójú wò ó. 'Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wojú mi,' ni ó wí. 'Ẹ wojú mi kí ẹ tún un sọ.'

Ó wo ilẹ̀, ó sì tún un sọ.

Ìyá Funfun kò bínú. Ó kó wọn lọ sí ìdí ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó mú ewé olójú méjì kúrò lókè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ha lẹ́búlẹ́bú náà, ó jìn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ó wá mú òmíràn jáde. Ó tutù yọ̀yọ̀! Oje ṣì wà ní ọrùn rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já a. Ojú mẹ́ta ni ó wà lára rẹ̀.

'Ìwọ ọdẹ,' ni ó wí, 'igbó rẹ ni o fi wo ilé mi. Nǹkan kì í rà lọ́dọ̀ mi. Ohun tí ó bá wà nísàlẹ̀ ni ó kọ́kọ́ dé, ìgbọ̀nwọ́ kan tí ó wà láàárín ewé méjèèjì sì ni bí o ti pẹ́ tó tí o fi dúró tí o ń pète. Ìdájọ́ mi kò lè dé ìlú yín, nítorí n kò ní ẹnu níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó fi ewé yìí lélẹ̀ yóò máa gbé ọ̀dọ̀ mi títí ẹnu rẹ yóò fi sọ ohun tí yìnyín sọ.'

Ọdẹ́jìnmí bẹ̀rẹ̀ ti bí wọ́n ti dé ilé, ó sì tún padà sórí ọ̀rọ̀ ewé.

Ọdẹ́bùnmi gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò ní itan. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n ràn yín lọ́wọ́," ni ó wí láti ẹ̀yìn okùn. "A dé. Wọ́n bi wá pé ta ni ó rí i. Mo ní èmi ni. Àwọn àgbà ọdẹ ní kí n lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi dáná. Wọ́n wá kọjú sí yín. Wọ́n ní, Ọdẹ́jìnmí, ta ni ó rí omi? Kí ni Ọdẹ́jìnmí wí?"

Ewé akòko wà nínú àwo. Lẹ́yìn igi ọdán, kànga tí wọ́n gbẹ́ ní ọdún náà ṣì ń bẹ, orúkọ Ọdẹ́jìnmí sì wà lára ògiri rẹ̀.

"Mo ní èmi ni," ni Ọdẹ́jìnmí wí. "Irọ́ ni mo pa. Ẹ̀yin ènìyàn, n kò rí i. Àáké ni mo gbé. Bùnmi ni ó rí i, owú rẹ̀ sì ni mo jẹ. Mo ti ń jẹ ẹ́ láti ìgbà tí ó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá pe omi náà ní orúkọ mi, mo tún ń jẹ ẹ́, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe tèmi."

Omi kán láti orí ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó kán lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbé ọwọ́ náà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì kígbe, nítorí ó lọ́wọ́ọ́wọ́.

Ó gbé àwo akòko, ó gba ọ̀nà ẹ̀yìn okùn. Olúọdẹ, olórí gbogbo ọdẹ, dìde fùú, ó ní, "Dúró! Bí a ó bá tilẹ̀ fún un, kí ó wọlé wá gbà á. Lónìí nìkan, a gbà kí obìnrin wọ agbo."

"Lónìí nìkan?" ni Ọdẹ́bùnmi wí. Kò dìde lórí àpótí. "N kò wọ agbo yín. Ẹ tú okùn yìí, kí agbo wá bá mi níbi tí ẹ fi mí sí."

Nígbẹ̀yìn, Olúọdẹ fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ń tú okùn, kókó rẹ̀ sì le nítorí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ta á. Àwọn ọkùnrin gbé àga wọn, wọ́n ń sún lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọdẹ́jìnmí fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbé ewé akòko lé àbúrò rẹ̀ lórí.

"Ọwọ́ yín ń gbóná," ni ó wí.

"Yéè!" ni Láṣebìkan kígbe. "Ta ni yóò máa wá mú ẹmu tutù fún wa?"

Ẹ̀rín sọ. Ọdẹ́bùnmi kò rẹ́rìn-ín, kò sì sọ pé òun ti dárí ji ẹnikẹ́ni. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun jókòó sílẹ̀, kí ó gba ẹ̀pà mú, kí ó sì fetí sílẹ̀, nítorí àṣà ni pé ẹni tí wọ́n fi akòko sí lórí gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn. Ó tún ewé náà ṣe lórí, ó nu ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀:

"Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mo wà, nígbà tí mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀ sídìí ihò kan tí gbogbo ènìyàn ní ahoro ni."